Ilé Abálẹ̀mu Létí Òkun: Ẹ Wo Abẹ́ Ẹwà Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Sanwó

Bí ẹ bá rí ìpolówó ilé kan létí òkun tí wọ́n kọ "organic architecture" sí lára, àwòrán ló máa kọ́kọ́ gbà yín lọ́kàn: ògiri rogodo bí ìkòkò, òrùlé tó tẹ̀ bí ẹ̀yìn ìjàpá, fèrèsé róbótó, òkun tó ń dán lẹ́yìn ilé. Owó rẹ̀ á wà nísàlẹ̀. Ohun tí kò ní sí níbẹ̀ ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn, ìtumọ̀ náà ló sì máa sọ bóyá ilé náà á dúró fún yín ní ogún ọdún tàbí á máa jẹ owó yín lọ́dọọdún. Ará Òṣogbo tó fẹ́ ra irú ilé bẹ́ẹ̀ ní etíkun Èkó tàbí ti Ìlàjẹ, yálà kó fẹ̀yìn tì sí i tàbí kó máa fi háyà fún àlejò, tí kì í sì í ṣe bíríkìlà tàbí ẹnjiníà, la kọ èyí fún.

Ọ̀rọ̀ òyìnbó yẹn máa ń ṣi èèyàn lọ́nà. Lọ́jà, ẹ̀fọ́ tí wọn ò fún ní kẹ́míkà là ń pè ní organic, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ilé tí kò ní símẹ́ńtì ni wọ́n ń sọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Frank Lloyd Wright, ayàwòrán ilé ní Amẹ́ríkà tó kú ní 1959, ló sọ orúkọ náà di ńlá. Ohun tó ń wí ni ilé tó bá ilẹ̀ rẹ̀ mu: kó tẹ̀ síbi tí ilẹ̀ tẹ̀ sí, kó kọjú síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, kí òkúta àti igi àdúgbò wà lára rẹ̀, kí ẹni tó jókòó nínú rẹ̀ mọ̀ pé ìta ò jìnnà. Kò ní kí wọ́n má fi kọnkéré kọ́ ọ. Fallingwater, ilé rẹ̀ tó lókìkí jù, tó ya àwòrán rẹ̀ ní 1935, orí ìṣàn omi ló wà ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, kọnkéré sì ni àwọn pèpéle rẹ̀ tó yọ sórí omi. Àwọn pèpéle náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wálẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti yọ pákó tó gbé wọn ró nígbà ìkọ́lé, ó sì di 2002 kí wọ́n tó fi okùn irin alágbára fà wọ́n dúró. Ilé tí gbogbo ayé ń rìn lọ wò nìyẹn. Nínú àlàyé yìí, a máa pe irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ilé abálẹ̀mu.

Ará Òṣogbo ò tiẹ̀ nílò kó rìn jìnnà kó tó rí ohun tí a ń sọ. Ẹ wọ Igbó Ọ̀ṣun. Àwọn ojúbọ àti ògiri tí Susanne Wenger, tí gbogbo ìlú mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, ṣe pẹ̀lú Adébísí Àkànjí tó jẹ́ bíríkìlà tẹ́lẹ̀ àti àwọn oníṣẹ́ ọnà mìíràn, agbára káká lẹ fi máa rí ìlà tó gún gbọọrọ lára wọn. Amọ̀, símẹ́ńtì àti irin ni wọ́n lò. UNESCO fi igbó náà sára ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Ẹ dúró ti irú ògiri bẹ́ẹ̀, ẹ sún mọ́ ọn títí ojú yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, àmọ́ ẹ má fọwọ́ hó o. Ibi tí ojú rẹ̀ tẹ̀ wọnú, tí omi òjò ń dúró sí, nǹkan tútù bí aṣọ àrán á ti hù níbẹ̀. Ibi tó yọ síta, tí oòrùn ń pa, á gbẹ, á funfun, ìlà tín-ín-rín á sì gba ojú rẹ̀ kọjá. Ibikíbi tí símẹ́ńtì bá ti ṣí, ẹ wo àwọ̀ pupa tó wà lábẹ́ rẹ̀ dáadáa. Pupa amọ̀ dọ́gba, eruku sì ni. Pupa ìpáàrà irin ṣókùnkùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó máa ń ya ní ipele ní ipele bí ewé, omi rẹ̀ sì máa ń ṣàn wálẹ̀ lára ògiri bí omijé. Ẹni tó bá ti lè dá pupa méjèèjì yìí mọ̀ lójú ti gba ìdajì ẹ̀kọ́ tí àyẹ̀wò ilé etíkun ń béèrè. Bẹ́ẹ̀, omi Ọ̀ṣun ò níyọ̀, igi ńlá ló sì bo ibẹ̀. Síbẹ̀ náà, àtúnṣe ò tán níbẹ̀ láti ọdún pípẹ́ wá.

Nígbà tí ajẹ́ńtì bá wá dárúkọ ilé abálẹ̀mu fún yín, oríṣi mẹ́ta ló lè máa sọ. Àkọ́kọ́ ni ilé tí àwòrán rẹ̀ tẹ̀lé ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́, àmọ́ tí búlọ́ọ̀kù, kọnkéré àti igi tí gbogbo wa mọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ilé ìjọsìn àwọn Dominican ní Ìbàdàn, iṣẹ́ Demas Nwoko tí wọ́n fún ní àmì-ẹ̀yẹ Golden Lion ní Venice ní 2023, wà ní ìlà yìí. Èkejì la fẹ́ pè ní ilé onikarawun: wọ́n á tẹ irin tín-ín-rín bí egungun, wọ́n á fi wáyà bí àwọ̀n bò ó ní ìpele bíi mélòó kan, wọ́n á wá fi símẹ́ńtì rẹ́ ẹ nínú àti lóde títí á fi le bí karawun ìgbín. Òun ni gbogbo rẹ̀ máa ń rí rogodo. Ẹ̀kẹta ni ilé amọ̀, ọparun, igi àti koríko. Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ń tà ló da méjì tàbí mẹ́ta pọ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè iye yàrá, ẹ béèrè èwo ló wà níbo nínú ilé náà, nítorí ohun tó ń pa ọ̀kan kọ́ ló ń pa èkejì.

Iyọ̀ àti irin

Ohun tó ń pa ilé onikarawun létí òkun ni iyọ̀, ibẹ̀ la sì máa dúró sí jù. Nígbà tí ìgbì bá fọ́, ó ń fọ́n omi tín-ín-tìn-ìn-tín sáfẹ́fẹ́. Omi yẹn á gbẹ, iyọ̀ á kù, afẹ́fẹ́ á gbé e wá bà lára ilé. Bí ilé bá ṣe sún mọ́ òkun tó ni èyí tó ń bà lé e ṣe máa pọ̀ tó.

Nínú kọnkéré tó dára, símẹ́ńtì fúnra rẹ̀ ló ń ṣọ́ irin. Ó ń jẹ́ kí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lára irin tí ìpáàrà ò fi lè mú un. Iyọ̀ tó bá rìn wọlé débẹ̀ ló ń já awọ náà. Irin á bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún, ìpáàrà náà á sì máa gba àyè tó ju ìlọ́po méjì irin tó jẹ lọ. Kò sí àyè nínú kọnkéré, torí náà á ti símẹ́ńtì síta, ojú ògiri á là. Ògiri tó bá sì ti lanu, aláǹgbá á wọ ibẹ̀. Iyọ̀ àti omi ni aláǹgbá tibí yìí, wọn kì í sì í jáde mọ́.

Ẹ wá wo ìwọ̀n rẹ̀. Lára pílà ilé kan tó sún mọ́ òkun, símẹ́ńtì tó bo irin yẹ kó tó 50 mm, ìyẹn ínǹṣì méjì. Ní Òṣogbo níbí, nínú ilé, 25 mm sábà máa ń tó. Ṣùgbọ́n ògiri ilé onikarawun látòkè délẹ̀ kò ju 25 mm sí 50 mm lọ, wáyà tó wà nínú rẹ̀ kò sì jìn sí ojú ògiri ju 3 mm sí 5 mm lọ. Wáyà náà fúnra rẹ̀ nípọn tó bíi 1 mm. Ìpáàrà tó bá jẹ ìdajì mílímítà lára irin 12 mm, irin náà á ṣì gbé ẹrù rẹ̀. Ìdajì mílímítà kan náà, bó bá jẹ ẹ́ yíká lára wáyà 1 mm, wáyà ti tán nìyẹn. Ìdí nìyí tí ilé tó lè dúró pẹ́ ní Òkè-Fíà ní Òṣogbo fi lè máa ṣí lára kí ọdún mẹ́wàá tó pé létí òkun, bí wọn ò bá fi ìmọ̀ kọ́ ọ.

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ẹni tó ń tà á wá yé wa báyìí. Ṣé wáyà tí wọ́n fi síǹkì bò ni, àbí dúdú lásán? Ìpele mélòó? Báwo ni wọ́n ṣe po símẹ́ńtì rẹ̀? Fún ilé onikarawun, àpò símẹ́ńtì kan sí yanrìn ìlọ́po méjì ló bójú mu, omi rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ pọ̀, nítorí omi tó bá pọ̀ jù á gbẹ, á fi ihò tín-ín-rín sílẹ̀ tí iyọ̀ máa gbà wọlé. Èyí tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni yanrìn. Ẹni tó ń kọ́lé létí òkun á rí yanrìn lọ́fẹ̀ẹ́ níwájú ilé, ó sì rọrùn kó kó o. Yanrìn òkun tí wọn ò fi omi tí kò níyọ̀ fọ̀ dáadáa ti gbé iyọ̀ tirẹ̀ wá látìbẹ̀rẹ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ò nílò kí afẹ́fẹ́ bá a kó iyọ̀ wá. Ẹ béèrè rísíìtì yanrìn odò. Bí kò bá sí, ẹ ní kí ẹnjiníà lu ihò kéékèèké sí ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kó gba ìyẹ̀fun rẹ̀ láti ojú ògiri wọnú, kó gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò. Bí chloride, èròjà iyọ̀ tó ń jẹ irin, inú rẹ̀ bá ti kọjá 0.4% ìwọ̀n símẹ́ńtì níbi tí irin wà, ewu ti dé nìyẹn, bí ojú ògiri tiẹ̀ ṣì ń dán.

Àyẹ̀wò kan wà tí kò ná yín ní nǹkan kan. Ẹ mú òòlù kékeré, ẹ máa fi ẹnu rẹ̀ kan ògiri díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ní ẹsẹ̀ bàtà kan sí ara wọn. Ibi tó dára á dún ganrangan, ohùn rẹ̀ á mú. Ibi tí símẹ́ńtì ti yà kúrò lára wáyà á dún bí ìkòkò òfìfo. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí ibẹ̀ ká. Bí ẹ bá parí, ẹ sún sẹ́yìn kí ẹ wo àwọn àmì ṣọ́ọ̀kì náà lápapọ̀: bí wọ́n bá wà káàkiri, ojú ògiri nìkan ló lè jẹ́; bí wọ́n bá tò lórí ìlà kan náà, irin ló wà lábẹ́ wọn, irin náà ló sì ń wú.

Ẹ ka ojú sísán náà bákan náà. Èyí tó rí bí okùn aláǹtakùn, tí kò jìn, bí wọ́n ṣe jẹ́ kí símẹ́ńtì gbẹ kíákíá ló fà á, kò le. Èyí tó lọ tààrà, tí ìkejì rẹ̀ sì tẹ̀lé e ní ìwọ̀n kan náà, irin ló ń tẹ̀lé. Èyí tó gba igun fèrèsé lọ sókè ní ìdagẹ̀rẹ̀, ìpìlẹ̀ ló ń rì sínú yanrìn. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sí ibi tí ẹnu rẹ̀ parí sí, ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù kan. Bó bá ti kọjá ìlà yín, kò tíì dúró.

Ká sọ òótọ́, ọ̀dà tuntun ló yẹ kó bà yín lẹ́rù jù. Ilé tí wọ́n kùn lọ́sẹ̀ tó kọjá kó tó di títà lè ní ohun tó ń bò mọ́lẹ̀. Bíríkìlà tí kò mọ̀ á kàn fi símẹ́ńtì lẹ ojú ibi tó là, wọ́n á kùn ún, ó parí. Òjò kan sí méjì, á tún là lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, torí iyọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Àtúnṣe tó tọ́ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n á gé símẹ́ńtì tó bàjẹ́ kúrò títí ìka ọwọ́ á fi lè gba ẹ̀yìn irin kọjá, wọ́n á fọ irin títí á fi dán, wọ́n á fi omi tí kò níyọ̀ ṣan án, wọ́n á kùn ún ní ohun tó ń dènà ìpáàrà, kí wọ́n tó dí i padà. Wáyà tó ti jẹ tán ò ṣe é fọ̀. Gígé ni, kí wọ́n so tuntun mọ́ ọn, kí tuntun sì gun àtijọ́ lórí ní ó kéré tán 100 mm. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi rísíìtì àti fọ́tò irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ hàn yín. Ẹni tó ṣe é dáadáa kì í fi pamọ́.

Irin ìta náà ńkọ́? Ìdè ilẹ̀kùn, irin àtẹ̀gùn, ara ẹ̀rọ amúlétutù, ìṣó páànù. Ẹ wò wọ́n, nítorí wọ́n á sọ fún yín bí iyọ̀ àdúgbò náà ṣe le tó. Irin tó ń dán tí wọ́n ń pè ní stainless, oríṣi 304 á ní àmì pupa lára létí òkun. 316 ló ń fara dà á jù.

Omi tó ń gba orí wọlé

Ilé onígun mẹ́rin ní ibi tí òrùlé ti pàdé ògiri, káfíńtà sì mọ bó ṣe máa bò ó. Ilé rogodo ò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí rogodo kan ti pàdé èkejì á di àfonífojì tí omi ń dúró sí. Ibi tí jíígì ti pàdé símẹ́ńtì tó tẹ̀, jíígì àti símẹ́ńtì kì í wú nínú oòrùn bákan náà, torí náà bí wọ́n bá fi símẹ́ńtì dí àárín wọn, á là. Rọ́bà olómi tó ń nà ló yẹ kó wà níbẹ̀, òun náà kì í ṣe ohun ayérayé, oòrùn á gbẹ ẹ́, ẹ ó sì máa pààrọ̀ rẹ̀. Fèrèsé tó kọjú sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ òkun àti òjò ti ń wá jù. Ìtura ilé náà àti ìyọnu rẹ̀, ojú kan náà ni wọ́n ń gbà wọlé.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tó ń jò, ẹ mú rọ́bà gígùn tí wọ́n fi ń fọ́n omi, kí ẹnìkan wà nínú ilé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí omi máa bà lé oríkèé kan fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó sún sókè. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, omi á ṣàn gba gbogbo oríkèé lẹ́ẹ̀kan, kò sì ní mọ èyí tó jẹ̀bi. Ẹ sì rántí pé lábẹ́ òrùlé tó tẹ̀, omi lè rìn jìnnà kó tó kán. Ibi tó ti ń kán sínú ilé kọ́ ni ibi tó gbà wọlé. Ìgbà ọyẹ́ ni àwọn ajẹ́ńtì fẹ́ràn láti mú èèyàn lọ wo ilé. Ẹ lọ ní oṣù kẹfà tàbí oṣù kẹsàn-án, lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ ṣí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ gbóòórùn ibẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé koríko ni wọ́n gbìn sórí òrùlé, ẹ ṣírò ẹrù rẹ̀. Ilẹ̀ tó nípọn tó 10 cm, bí òjò bá ti rin ín, á wọn tó 180 sí 200 kg lórí mítà kan níbùú lóròó. Òrùlé tó fẹ̀ tó mítà 50 níbùú lóròó, tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá ló rù yẹn. Kí ẹnjiníà fi àwòrán hàn yín pé wọ́n ṣírò rẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ọ.

Amọ̀, ọparun, igi

Lórí èyí, ẹ̀yin náà ní ìmọ̀. Ẹ ti rí i nínú àwọn agbo ilé àtijọ́ wa: wọ́n fi símẹ́ńtì rẹ́ ògiri amọ̀, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ símẹ́ńtì náà á yà kúrò ní pálí, á wó lulẹ̀. Amọ̀ ń wú bó bá tutù, ó ń sún kì bó bá gbẹ, símẹ́ńtì ò lè bá a ṣe é. Omi tó bá sì há sáàárín wọn ò rọ́nà jáde. Létí òkun níbi tí afẹ́fẹ́ kì í gbẹ, ó tún burú sí i. Ilé amọ̀ tó dára á ní ìpìlẹ̀ òkúta tàbí kọnkéré tó ga sókè tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ kí òjò má ta sí amọ̀ lára, òrùlé rẹ̀ á sì yọ síta tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta.

Ọparun ní láti jẹ́ èyí tí wọ́n rẹ sínú omi borax àti boric acid, kó sì wà lábẹ́ òrùlé, nítorí òjò máa ń fọ oògùn náà kúrò. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun funfun nílẹ̀ lábẹ́ ọparun, kòkòrò ti wọ inú rẹ̀. Ti igi, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀. Ìrókò àti apá ń bá ikán jà. Arère ò lè ṣe é, bí wọ́n tiẹ̀ kùn ún dúdú bí ìrókò.

Ìgbẹ́ àti omi mímu, ẹ má fojú fò wọ́n. Omi ò jìn lábẹ́ yanrìn etíkun, sọ́kàwéè tí wọ́n gbẹ́ sínú rẹ̀ lè kún nígbà òjò kó sì dà padà. Kó jìnnà sí bòhóòlù tó mítà 30. Bòhóòlù náà, ẹ tọ́ omi rẹ̀ wò lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti fà á fún wákàtí kan, torí omi òkun máa ń wọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n bá ń fà á púpọ̀.

Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, àti òkun tó ń bọ̀

Ilé lè dára kí ilẹ̀ rẹ̀ má dára. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ìdí nìyẹn tí títa ilẹ̀ tó ní C of O (Certificate of Occupancy, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni) fi gbọ́dọ̀ gba àṣẹ gómìnà. Àdéhùn tí ẹ bá fọwọ́ sí láìgba àṣẹ náà, òfin kan náà ò kà á sí. C of O sábà máa ń jẹ́ fún ọdún 99, kì í ṣe títí ayé, torí náà ẹ ka ọdún tó kù. Bí wọ́n bá sọ pé ilẹ̀ ẹbí ni, tí ìjọba sì ti yọ ọ́ padà fún ẹbí náà, ẹ ní kí wọ́n fi gazette, ìwé ìkéde ìjọba, hàn yín, kí sọfíyọ̀ sì gbé àmì ilẹ̀ yín lé orí rẹ̀ kó lè rí i pé inú ibi tí wọ́n yọ ni ilẹ̀ náà wà ní tòótọ́. Ìwé ilé Èkó ò sí ní Abẹ́rẹ̀, ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Lọ́yà yín gbọ́dọ̀ wá a ní Aláùsá ní Ìkẹjà; ti Ìlàjẹ, Àkúrẹ́ ni. Lọ́yà tó bá ní òun ti wò ó láti Òṣogbo, ẹ ní kó fi ìwé àbájáde rẹ̀ hàn yín.

Etíkun tún ní tirẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ń fa ọ̀rọ̀ ta ló láṣẹ létí òkun mọ́ ara wọn lọ́wọ́ tipẹ́. Ní 2024, nígbà tí iṣẹ́ òpópónà etíkun láti Èkó dé Calabar bẹ̀rẹ̀, wọ́n wó ilé ìtajà àti ibi ìgbafẹ́ tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀ ní Èkó. Kí sọfíyọ̀ wọn bí ilé ṣe jìnnà sí etí omi àti sí ojú ọ̀nà náà, kó kọ ọ́ sílẹ̀ kó sì fọwọ́ sí i.

Òkun fúnra rẹ̀ kì í bá ìwé jà. Ayétòrò ní Ìlàjẹ, ìlú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé àti òpópónà rẹ̀ lọ. Ẹ lè fúnra yín wo bí òkun ṣe ń rìn: ẹ ṣí Google Earth lórí kọ̀ǹpútà, ẹ yan àwòrán àwọn ọdún àtijọ́, ẹ wọn láti igun ilé dé etí omi ní ọdún kọ̀ọ̀kan. Bí òkun bá ti gba mítà 20 láàárín ọdún mẹ́wàá, tí ilé sì ku mítà 60, ẹ má sọ pé ọgbọ̀n ọdún ló kù. Òkun kì í gbé e ní ìdọ́gba. Ó lè dúró ọdún mẹ́ta kó sì gbé púpọ̀ lọ lálẹ́ ọjọ́ kan. Ní ti àwa, ilé tí òkun ń sún mọ́ lọ́nà bẹ́ẹ̀, kò sí iye tó kéré tó láti rà á.

Iye rẹ̀

Iye ilé abálẹ̀mu ṣòro láti mọ̀, torí kò sí ìkejì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí a lè fi wé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìwọ̀n. Yàrá róbótó tó fẹ̀ ní mítà 5 láti ògiri kan dé èkejì, ilẹ̀ inú rẹ̀ kò ju mítà 19.6 lọ níbùú lóròó. Ajẹ́ńtì tó bá fi 5 lọ́nà 5 á pè é ní 25, ìyẹn ni pé ó ti ta mítà márùn-ún ó lé díẹ̀ tí kò sí fún yín nínú yàrá kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀dì àti wọ́dúróòbù tí ẹ rà lọ́jà ò sì ní fara mọ́ ògiri tó tẹ̀; káfíńtà ló máa ṣe gbogbo rẹ̀ ní ìwọ̀n tiwọn. Ẹ fi iye yẹn kún un. Ẹ fi iye ọ̀dà àti rọ́bà olómi kún un pẹ̀lú, torí ilé etíkun máa ń béèrè fún wọn léraléra ju ilé Òṣogbo lọ. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ ya 2% iye ilé sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún àtúnṣe nìkan. Bí apá yín ò bá ká ìyẹn, ilé náà ti wọ́n jù fún yín, ohun yòówù kí wọ́n ní kí ẹ san.

Ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú COREN, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, ni kí ẹ gbà fún àyẹ̀wò, kó má sì jẹ́ ẹni tí olùtajà mú wá. Nígbà tí ẹ bá dé ibi ìsanwó, kí owó gba ọwọ́ lọ́yà kọjá, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé 5% rẹ̀ á dúró lọ́dọ̀ lọ́yà títí òjò ńlá àkọ́kọ́ á fi rọ̀ tán láìjò.

Pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, ẹ gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé àti àwòrán tó fi ibi tí irin, páìpù àti wáyà iná gbà hàn. Nínú ilé onígun mẹ́rin, púlọ́mbà lè fojú díwọ̀n ibi tí páìpù wà. Nínú ilé rogodo, ihò kan tó bá lù síbi tí kò yẹ lè já wáyà tó gbé òrùlé dúró. Bí àwòrán bá ti sọnù, ẹ ní kí olùtajà wá bíríkìlà tó kọ́ ọ, kó bá yín rìn yí ilé ká fún ìdajì ọjọ́ kí ẹ tó san owó, kó máa fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ògiri bó ṣe ń rántí: irin rèé, páìpù rèé, ibi tí yanrìn tán lọ́jọ́ yẹn tí a fi lọ gbé òmíràn nìyí. Ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀.